Ṣé dandan ni kí n kó fáìlì ọsibítù mi fún ilé iṣẹ́ nítorí pé mo fẹ̀sùn kàn wọ́n?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, níbí ní Ìbàdàn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò kó tó jáde. Mo ní wárápá láti kékeré, àmọ́ oògùn ti ká a lọ́wọ́ kò. Ó ti pẹ́ tó gbé mi kẹ́yìn, kò sì gbé mi níbi iṣẹ́ rí. Wọ́n ti fẹ́ fi mí ṣe súpáfáísọ̀ kí bílì ọsibítù tí ilé iṣẹ́ ń san fún wa tó dé ọwọ́ àwọn akáǹtì. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Ẹlòmíì ni wọ́n fún nípò náà, àwọn kan ò sì jẹ́ kí n fi kọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ mu omi mọ́. Mo kọ̀wé sí HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé wọ́n ń dẹ́yẹ sí mi. Wọ́n fèsì pé kí n lọ gba gbogbo fáìlì mi wá ní ọsibítù kí ìgbìmọ̀ ìwádìí tó lè jókòó, torí èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ àìsàn wá. Wọ́n tún fi èsì náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Ṣé dandan ni kí n kó fáìlì náà wá? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i? Kí ni mo lè ṣe sí èyí tó ti tú síta?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrọ́jú o, arábìnrin mi. Kì í ṣe dandan, ẹ má sì tíì lọ gba fáìlì kankan. Ìwà tí wọ́n hù sí yín lẹ tìtorí rẹ̀ fẹ̀sùn kàn wọ́n, ìwà yẹn ni ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ wádìí: ta ló gbọ́, ìgbà wo ló gbọ́, kí ló wá ṣe lẹ́yìn tó gbọ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú fáìlì yín ní ọsibítù. Ọ̀dọ̀ tiwọn ló wà: nínú í-meèlì tí wọ́n kọ síra wọn nípa ipò súpáfáísọ̀, nínú ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ yín lọ́dọọdún, nínú bílì tí akáǹtì gbà àti déètì tó gbà á. Ìyẹn ni kí ẹ ní kí wọ́n kó wá síwájú ìgbìmọ̀.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 26, sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera ẹni tó gba ìtọ́jú, títí dórí pé ó tiẹ̀ sùn sí ọsibítù rárá. Ọ̀nà tí òfin yẹn fi sílẹ̀ fún títú u síta kò pọ̀: kí aláìsàn fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda, kí ilé ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn pa á láṣẹ, tàbí kí bíbò ó mọ́lẹ̀ fẹ́ kó ará ìlú sínú ewu ńlá. Òbí ọmọdé àti alágbàtọ́ ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe náà ní ààyè tiwọn. Pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ ló ń béèrè kò sí lára wọn. Pé ilé iṣẹ́ ló ń sanwó ìtọ́jú kò sí níbẹ̀ bákan náà, bó ti wù kí akáǹtì yín rò pé ẹni tó sanwó ló ni ọ̀rọ̀.

Ní ti ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ló mú un. Òfin náà fi ọ̀rọ̀ ìlera sí ìsọ̀rí dátà ẹlẹgẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìnídìí. Ó gbà wọ́n láyè láti lò ó bí òfin iṣẹ́ bá béèrè, tàbí bí wọ́n bá nílò rẹ̀ láti fi gbèjà ara wọn nínú ẹjọ́. Abẹ́ gbólóhùn yìí ni HR yín máa sá sí, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kò ju ìwọ̀n tí ẹjọ́ náà nílò lọ. Ọmọ ọdún mélòó lẹ wà tí wárápá bẹ̀rẹ̀, oògùn wo lẹ lò nígbà oyún, ta ní ìdílé yín tún ní in: kò sí èyí tó kan ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí wọn ò fi fi yín ṣe súpáfáísọ̀.

Kí lẹ máa wá mú lọ? Lẹ́tà dókítà, ojú ewé kan. Ẹ mú ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ yín àti ti súpáfáísọ̀ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú yín, kó lè mọ ohun tó ń dáhùn. Irú ohun tí mo máa ń fẹ́ kó wà nínú rẹ̀ nìyí: “Mo ti yẹ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí wò, mo sì ti ka àlàyé iṣẹ́ méjèèjì. Ara rẹ̀ gba gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú wọn. Kí wọ́n má fi í sí iṣẹ́ alẹ́ léraléra. A ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.” Kò dárúkọ àìsàn, kò sì dárúkọ oògùn. Bí ìgbìmọ̀ bá ní àwọn nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí dókítà dáhùn èyí tó kan iṣẹ́.

Ibì kan wà tí mi ò ní gbè yín o. Bí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi yín sí bá ní àkàbà gíga, ẹ̀rọ abẹ tàbí wíwa fọ́kílíìfù nínú, ilé iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá ó léwu fún yín àti fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n sì lè ní kí dókítà tiwọn yẹ̀ yín wò. Ẹ má fi nǹkankan pamọ́ fún dókítà yẹn. Ohun tí òun náà lè sọ fún wọn ni pé ẹ lè ṣe é, ẹ ò lè ṣe é, tàbí ẹ lè ṣe é pẹ̀lú ìlànà báyìí báyìí.

Ẹni tí HR fi ọ̀rọ̀ yín sí lọ́wọ́ lè rí lẹ́tà náà. Ìgbìmọ̀ lè kà á níbi ìjókòó, kí wọ́n dá a padà. Súpáfáísọ̀ yín kò nílò ju gbólóhùn iṣẹ́ alẹ́ yẹn lọ. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́ta yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkankan. Ìmọ̀ràn tèmi, tí kì í ṣe ti òfin, ni pé kí ẹ fúnra yín sọ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán níbi iṣẹ́, kó mọ̀ pé bí wárápá bá gbé yín, kó dà yín sí ẹ̀gbẹ́, kó má sì ki ṣíbí bọ̀ yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù yẹn sì ń bí mi nínú: wárápá kì í ràn, ì báà jẹ́ nínú itọ́ tàbí nínú ìfóòfó. Ẹ kọ déètì rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ṣe é sílẹ̀, torí ẹ̀rí ìdẹ́yẹsí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bílì, torí níbẹ̀ ni àṣírí òṣìṣẹ́ ti ń jò jù, nínú èyí tí mo ti rí. Ọsibítù tí ilé iṣẹ́ bá ṣètò pẹ̀lú rẹ̀ á fi bílì ránṣẹ́ lóṣooṣù: orúkọ, àìsàn, oògùn, iye owó, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan. Ẹni tó rí “carbamazepine”, oògùn wárápá kan, níwájú orúkọ yín kò nílò ju fóònù lọ láti mọ ohun tó ń wò. Ẹ kọ̀wé sí ọsibítù pé láti ìsinsìnyí lọ, nọ́ńbà káàdì yín àti iye owó nìkan ni kí wọ́n kọ sí bílì tó ń lọ sí ilé iṣẹ́. Àwọn ni òfin 2014 di àṣírí lé lọ́wọ́, wọn ò sì lè sọ pé akáǹtì ló ní kí àwọn kọ ọ́. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí kò láṣẹ tó wọ inú àkọsílẹ̀ ìlera ẹlòmíì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, tàbí kó san ₦250,000, tàbí méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́tà dókítà, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣe é ní Dùgbẹ̀ kẹ́ ẹ lọ ra iṣu. Ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ sì ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà wò kẹ́ ẹ tó kúrò, torí ojúlówó máa ń kù sábẹ́ rẹ̀.

Ní ti èyí tó ti tú síta, ẹ kọ lẹ́tà mìíràn, ẹ má pò ó mọ́ ti ìdẹ́yẹsí. Ẹ ní kí wọ́n sọ gbogbo ẹni tí wọ́n fi èsì HR yẹn ránṣẹ́ sí àti ìdí rẹ̀, kí wọ́n ní kí àwọn yẹn pa á rẹ́, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nípa ìlera yín. Bí ohun tó jò bá lè pa ẹ̀tọ́ ènìyàn lára, wákàtí 72 ni òfin 2023 fún ilé iṣẹ́ látìgbà tó ti mọ̀, láti fi tó Àjọ Ààbò Dátà Nàìjíríà létí. Ẹ̀yin náà lè fi ẹjọ́ wọn sun Àjọ yẹn. Owó ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 2 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn ilé iṣẹ́ tí Àjọ kà sí pàtàkì, mílíọ̀nù 10 ló dípò mílíọ̀nù 2. Ṣùgbọ́n ìtanràn kì í wọ àpò yín. Bó bá jẹ́ owó gbà-máà-bínú lẹ̀ ń wá, Àjọ lè pàṣẹ kí wọ́n san án fún yín, ẹ sì lè lọ sí ilé ẹjọ́.

Ní ti ìdẹ́yẹsí níbi iṣẹ́, ilé ẹjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ ni National Industrial Court, tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́, tó sì ní ẹ̀ka níbí ní Ìbàdàn. Mi ò ní tàn yín: abala 42 nínú òfin ìpìlẹ̀ ka ẹ̀yà, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo àti èrò òṣèlú, kò ka àìsàn. Ohun tí lọ́yà yín máa gùn lé ni òfin tó fòfin de ìdẹ́yẹsí sí àwọn aláìlera, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, àti abala 254C nínú òfin ìpìlẹ̀ kan náà, tó gba ilé ẹjọ́ yẹn láyè láti wo ìlànà tó dára jù lágbàáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àwọn tó ní kòkòrò HIV ní òfin tiwọn lọ́tọ̀, ti 2014.

Ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ lè di ibi ìdẹ́yẹsí. Ní 1995, ọsibítù kan ní Èkó yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì wò láìgba àṣẹ rẹ̀, wọ́n rí HIV, wọ́n lé e. Nígbà tó dé kóòtù, adájọ́ kan ní 2001 ní kò gbọdọ̀ wọlé, kó má baà kó o ran àwọn ènìyàn. Ó di 2012 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó tó dá a láre, pẹ̀lú mílíọ̀nù 7 náírà. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ gba adájọ́ láyè láti ní kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn jáde, nítorí ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn tó wà lẹ́jọ́. Kí lọ́yà yín béèrè fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti pe ẹjọ́, adájọ́ lè pàṣẹ kí dókítà kó apá kan fáìlì wá, kò sì sí bá a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lo ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ dáadáa ná.

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí status WhatsApp o. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tú síta, lọ́yà wọn á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé wá síwájú adájọ́.

Ohun tí màá kọ sí HR lọ́la bó bá jẹ́ èmi: “Mo gba ìwé yín. Mi ò yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni gba fáìlì ìlera mi. Lẹ́tà dókítà tó sọ nípa iṣẹ́ mi ni màá mú wá, ẹni kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá dárúkọ ni màá sì fi lé lọ́wọ́. Mo tún ń béèrè í-meèlì àti ìwé tó jẹ mọ́ ipò súpáfáísọ̀.” Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí tiyín, kó sì kọ déètì àti aago sí i kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.