Èsì: Ṣé eyín ọmọkùnrin máa ń tóbi ju ti ọmọbìnrin lọ?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní eyín Táíwò, tó jẹ́ ọkùnrin, fẹ̀ ju ti Kẹ́hìndé, tó jẹ́ obìnrin, ẹ sì ń rò ó pé bóyá oúnjẹ ni kò ṣe Kẹ́hìndé lóore. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Tí wọ́n bá wọn eyín ọmọ púpọ̀, ti ọkùnrin máa ń fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti obìnrin lọ. Àmọ́ ìyàtọ̀ náà kéré gan-an, kì í sábà tó ìdajì mìlímítà lórí eyín kan. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló sì wà tí eyín wọn tóbi ju ti ọkùnrin. Ó lè jẹ́ àjogúnbá lẹ ń rí: kí ọ̀kan mú eyín bàbá, kí èkejì mú ti ìyá.

Ti oúnjẹ tí ẹ fi ń dá ara yín lẹ́bi ló dùn mí jù. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 nínú oyún ni eyín ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Bí orí eyín bá sì ti dá tán, kò tún ní fẹ̀ mọ́, ohun yòówù kí ọmọ jẹ.

Eyín àgbà ni ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti hàn jù, pàápàá eyín ṣóńṣó.

Ẹ ka eyín ọmọdé ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí wọ́n bá pé ọdún mẹ́ta: 20 ló yẹ kó wà. Tí kò bá pé, tàbí tí méjì lẹ̀ pọ̀, ẹ fi han dókítà eyín.