Òfin oṣù kẹta ò lè mú un fún ohun tó ṣe lóṣù kìíní

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní oṣù kẹta ni gómìnà buwọ́ lu òfin tí wọ́n fi mú àbúrò yín, bẹ́ẹ̀ oṣù kìíní ló ti ṣe nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sọ ní kóòtù pé òun jẹ̀bi o, ẹni tó bá ní kó sọ bẹ́ẹ̀ kó lè tètè lọlé, ẹ má gbọ́ tiẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Iṣẹ́ pákó ni mò ń ṣe, oṣù kẹwàá ni wọ́n dá ọkọ̀ gẹdú wa dúró, ìwé wa ò pé lóòótọ́, wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀ wọ́n ní ká máa lọ. Àfi bó ṣe di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e tí wọ́n wá gbé mi, òfin tuntun tí wọ́n ṣe lóṣù kejìlá ni wọ́n kà sí mi létí, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, owó ìtanràn nìkan sì ló wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò látìmọ́lé kí n tó rí bélì, pẹ̀lú oyún nínú ìyàwó mi. Lọ́yà àkọ́kọ́ ní kí n gbà pé mo jẹ̀bi kí n bẹ adájọ́. Èkejì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá ọkọ̀ dúró.

Abala 36 ẹsẹ 8 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló kà: ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ téèyàn ṣe é, wọn ò lè dá a lẹ́bi ẹ̀, ìjìyà ẹ̀ ò sì lè ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Abala 4 ẹsẹ 9 tún ní ilé aṣòfin Àbújá àti ti ìpínlẹ̀ ò lágbára láti ṣe òfin ọ̀daràn tó ń padà sẹ́yìn. Wọn ò dá mi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ o, òfin àtijọ́ náà ṣáà ka ohun tí mo ṣe sí ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ wọ́n pààrọ̀ ẹ̀sùn, mo san ìtanràn ti tẹ́lẹ̀, mo lọlé.

Àwọn tó gbọ́njú láyé ológun á rántí Decree 20 ti 1984, òfin ìjọba ológun tí wọ́n fi yìnbọn pa ọmọkùnrin mẹ́ta lóṣù kẹrin 1985 torí oògùn olóró, ó sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tó ṣe tiẹ̀, ikú kọ́ ni ìjìyà ẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó ṣì ń dùn mí.

Tó bá jẹ́ owó orí tàbí léfì ni wọ́n ń bi àbúrò yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn nìkan ni abala méjèèjì yìí ń sọ. Tó bá sì ń ṣe nǹkan ọ̀hún lọ lẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n lè mú un fún ìyẹn. Kí lọ́yà yín wá gàsẹ́ẹ̀tì òfin náà, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, lónìí, kó wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn.