Bàbá Ẹnjiníà Ń Dáhùn: Omi Aláró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ẹnjiníà. Aláró ni mí ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Omi táńkà la fi ń ṣan àdìrẹ, owó rẹ̀ sì ń jẹ èrè wa. Àwa mẹ́rìnlá ti ń dáwó kànga ẹ̀rọ. Ọmọ mi ní kí n kọ́kọ́ bi yín, torí dáàmù Ọyán kò jìnnà sí wa. Kí la ó ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ aró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yẹn dúró ná. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà, Olúmọ lè jẹ́rìí. Omi kì í sí níbi gbogbo nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: inú ibi tí àpáta bá ti jẹrà tàbí tó ti sán ló máa ń wà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo dúró ti ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Eruku funfun nìkan ló tú jáde. Mi ò tíì gbàgbé ojú àwọn tó dáwó. Bí ẹ bá máa gbẹ́ ẹ, ẹni tó máa fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fún.

Ní ti Ọyán, ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i. Ó lè gba omi tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi fà, kí àwọn oko ìsàlẹ̀ odò Ògùn náà sì rí tiwọn. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó kù kí wọ́n sẹ́ omi náà, kí iná tì í gun òkè, kí páìpù gbé e dé Ìtòkú. Nígbà tí a bá sì ń ṣírò bí páìpù ṣe máa tóbi tó, orí èèyàn la máa ń kà: iye tí wọ́n máa mu, iye tí wọ́n máa fi wẹ̀. Ìkòkò aró kì í sí nínú ìṣirò wa, ó sì dùn mí, torí iṣẹ́ tó ń bọ́ ìlú ni.

Nítorí náà, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan yín ra ìwé kékeré. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ kọ iye dúróòmù tí ẹ lò lójúmọ́ àti iye tí ẹ san sílẹ̀. Orí ìwé yẹn la ó gbé lẹ́tà yín sí ilé-iṣẹ́ omi lé. Oníbàárà mẹ́rìnlá tó ń sanwó omi lójoojúmọ́ lójú kan tó ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fa páìpù.

Ohun kan tún wà. Odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá ni wọ́n ń fà ní Àkúté lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ní Ìjù àti Àdìyàn fún àwọn ará Èkó láti mu. Ẹ má da omi aró àti sódà sí gọ́tà mọ́. Ẹ to abọ́ ńlá mẹ́ta, kí ẹ máa ṣan aṣọ láti inú àkọ́kọ́ dé ìkẹta: omi tó mọ́ jù wà nínú ìkẹta. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣú, ẹ kó o sọ́tọ̀, kí ìkejì di àkọ́kọ́, kí ìkẹta di ìkejì, kí ẹ wá bu omi tuntun sí ìkẹta nìkan. Owó táńkà yóò fúyẹ́.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni n ó bá yín kọ lẹ́tà náà.