Ọrùn ẹsẹ̀ fọ́, dókítà ní ká dúró: ṣé kò sí ti ojú abẹ kékeré ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi já bọ́ lórí àkàbà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìdúmọ̀tà. Eegun ọrùn ẹsẹ̀ wọn fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì wọ inú oríkèé. Ọsibítù ní ká dúró bí ọjọ́ 10 kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Àbúrò wọn ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí kì í la ẹsẹ̀ gbàrà, pé ká lọ ṣe ìyẹn lọ́la. Ìyá wọn ní teguntegun ni ká gbé wọn lọ bá. Èwo ni ká ṣe? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira o, Ọlọ́run á fún wọn ní ìwòsàn. Ẹ dúró. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ojú abẹ kékeré yẹn gan-an ni dókítà yín ń retí.

Awọ ọrùn ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sí ẹran lábẹ́ rẹ̀. Tí eegun bá fọ́ níbẹ̀, awọ á wú, á máa dán, ó tilẹ̀ lè lé ròrò olómi. Ẹni tó bá fi abẹ kàn án nígbà yẹn, ojú egbò lè kọ̀ kó má pa dé, kí kòkòrò sì wọ inú eegun. Ìdí nìyẹn tí a fi sábà máa ń dúró ní ọjọ́ 7 sí 14. Ẹ máa wo awọ náà láràárọ̀: tó bá ti ń hunjọ wẹ́wẹ́, àsìkò ti ń tó. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ náà kó ga ju àyà wọn lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí eegun bá yọ síta, tí oríkèé bá yẹ̀, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó dúdú, tó kú tipiri, kò sí ìdúró ńbẹ̀, ọsibítù ní wákàtí kan náà.

Ti ojú abẹ kékeré, ihò bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 la máa ń lù, a ó ti irin pẹlẹbẹ gba abẹ́ awọ, a ó fi síkúrù dè é, nígbà tí ẹ̀rọ X-ray ń fi eegun hàn wá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ eegun kò ní dàrú púpọ̀, ojú egbò á sì tètè jinná. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń ṣe é. Àmọ́ a kì í fi ojú ara wa rí inú oríkèé dáadáa. Lọ́dún 1976, àwọn olùwádìí méjì, Ramsey àti Hamilton, wọ̀n ọ́n: tí eegun inú oríkèé yìí bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mìlímítà 1 péré, ibi tí eegun ti ń fara kan ara wọn á dín ní ìdá 42 nínú 100. Ẹni tó bá ń rìn lórí irú oríkèé bẹ́ẹ̀, làkúrègbé ló ń pè. Àpá gígùn lórí oríkèé tó tò sàn lójú mi ju àpá kékeré lórí èyí tó wọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ bèèrè méjì lọ́wọ́ dókítà: ṣé ẹ ti ya CT scan, fọ́tò tó ń fi inú oríkèé hàn ju X-ray lásán lọ? Ṣé ẹ̀rọ X-ray yẹn wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ? Tí kò bá sí, ẹ má fipá mú wọn ṣe ti ojú kékeré, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù eegun ìjọba ní Ìgbòbí. Tí ọkọ yín bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí wọ́n ń mu sìgá, ẹ tètè sọ ọ́, ó ń dí egbò lọ́wọ́ láti jinná.

Ní ti Màmá, ẹ fi fọ́tò X-ray náà hàn wọ́n, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí eegun ṣe fọ́. Igi tí teguntegun bá dì mọ́ ẹsẹ̀ tó ti wú lè dí ẹ̀jẹ̀ pa, mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n gé nítorí ẹ̀.

Bó ti wù kí ojú abẹ kéré tó, eegun kò ní tìtorí ẹ̀ yára so. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni ọkọ yín kò ní fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù yín wà, ẹ ti wá ẹni tí yóò máa bá yín jókòó tì í láti ìsinsìnyí.