Ẹ Bi Wá: Áàpù Ọ̀fẹ́ Tẹ́nikẹ́ni Ò Lè Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, prójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ìwé ni mò ń tẹ̀ jù. Office tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, kráàkì ni, ìyẹn ayédèrú tí wọ́n já títì ẹ̀, ẹnì kan ló bá mi fi sí i, látìgbà yẹn ni oríṣiríṣi nǹkan ti ń yọjú fúnra ẹ̀, àìpẹ́ yìí ni fáírọ́ọ̀sì ba fáìlì kọ́sítọ́mà jẹ́. Ṣé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà tí kì í ṣe ti olè? (Atẹ̀wé, Mọ́kọ́lá)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, fáìlì oníbàárà kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi ṣeré. Ó wà, LibreOffice lorúkọ ẹ̀, òun lèmi náà fi ń kọ abala yìí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ kráàkì yẹn dànù ná. Ọ̀pọ̀ kráàkì ló máa ń ní kẹ́ ẹ pa antivirus kóun tó lè wọlé, ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lóru kẹ́ ẹ tún so ajá mọ́lẹ̀, kí lẹ rò pó fẹ́ wá ṣe?

LibreOffice ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀. OpenOffice ló wà tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ Sun ló ni ín, ìgbà tí Oracle wá ra Sun lọ́dún yẹn, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Àmọ́ torí pé kóòdù ẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́, wà ní gbangba, tí òfin sì fún gbogbo èèyàn láyè láti lò ó, wọ́n kàn gbé ẹ̀dà ẹ̀, wọ́n fún un lórúkọ tuntun, iṣẹ́ ń lọ. The Document Foundation tó wà ní Berlin, Jámánì, ló ń bójú tó o báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú gan-an nìyẹn, pé kò gbowó lọ́wọ́ yín dáa, àmọ́ pé ẹnì kan ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti tì í pa, ìyẹn ló jù lójú tèmi.

Ó máa ṣí fáìlì Word yín. Ohun tó máa kọ́kọ́ dà yín láàmú ni fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ iṣẹ́. Ọmọ ilé ìwé á gbé iṣẹ́ tó fi Calibri tẹ̀ níbòmíì wá, ẹ ṣí i, ojú ewé tó yẹ kó parí sí 12 á ti ṣàn dé 13, àwọn nọ́ńbà iwájú ìwé ò ní bára mu mọ́. Microsoft ló ni Calibri, ìyẹn ni kì í ṣeé bá a nílẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. LibreOffice máa ń gbé Carlito dání, fífẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ àti ti Calibri dọ́gba, Caladea wà fún Cambria, Liberation Serif wà fún Times New Roman, torí náà ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìlà ò ní kúrò láyè ẹ̀. Àwòrán àti àpótí tí wọ́n fi há àárín ọ̀rọ̀ ṣì lè sún o, ẹ wo gbogbo ojú ewé kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ lọ sí Tools, Options, Load/Save, General, ẹ mú Word níbẹ̀ kó lè máa tọ́jú ẹ̀ sí .docx fúnra ẹ̀. Bó bá jẹ́ ibòmíì ni wọ́n ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, PDF ni kẹ́ ẹ fún wọn. Excel tó kún fún macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú fáìlì kó lè máa ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, nìkan ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín.

Tẹ́ ẹ bá ń tẹ Yorùbá, ẹ fi Keyman, áàpù kíbọ́ọ̀dù, kún un, ọ̀fẹ́ lòun náà, á bá yín fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní kí n kúrò lórí WhatsApp bọ́ sí Signal. Kí ló yàtọ̀? (Màmá Peckham, London)

Ìdáhùn: Mà, kọ́kọ́rọ́ kan náà làwọn méjèèjì fi ń ti ọ̀rọ̀ yín, láti 2016 ni WhatsApp ti ń lo ti Signal fún gbogbo èèyàn. Ibi tó ti yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nípa yín. Lọ́dún 2016 náà, wọ́n fi ìwé àṣẹ béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ Signal l'Amẹ́ríkà, ọjọ́ téèyàn ṣí àkáǹtì àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n rí fún wọn, kò sí nǹkan míì nílẹ̀. Ẹ má tíì pa WhatsApp rẹ́ o, gbogbo ẹbí ló wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yín ná.

Ìbéèrè: Ìpolówó ò jẹ́ n gbádùn fóònù mi, kódà áàpù tí mo fi ń wo fọ́tò fẹ́ mọ ibi tí mo wà. (Bọ̀dá Lánfẹ̀, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Fossify ni kẹ́ ẹ wá, wọ́n ní ti fọ́tò, kàlẹ́ńdà, fáìlì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ìpolówó kankan nínú ẹ̀. Simple Mobile Tools ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni ín tà á fún ilé iṣẹ́ kan lópin ọdún 2023, inú ń bí àwa tá à ń lò ó, àmọ́ àwọn tí wọ́n ti ń bá a ṣiṣẹ́ gbé kóòdù ẹ̀, wọ́n ń bá a lọ, ẹ ò rí i pé bíi ti LibreOffice náà ló rí. Inú F-Droid, ọjà áàpù ọ̀fẹ́, lẹ ti máa rí i. Ẹ gba F-Droid láti f-droid.org, F-Droid fúnra ẹ̀ ò sí lórí Play Store. Fóònù yín á béèrè bóyá kóun gba áàpù látita, ẹ gbà fún un, tó bá ti wọlé tán kẹ́ ẹ padà lọ sí Settings lọ gba àṣẹ yẹn kúrò lọ́wọ́ bráúsà. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti wo àwọn áàpù tó ń wo nọ́ńbà àwọn èèyàn yín, pàápàá àwọn ayánilówó, tó bá ti rí i lọ́jọ́ kan, ó lè ti kó o lọ.