Ẹ má tíì ra àpò ajílẹ̀ mìíràn: ebi ló ń pa ilẹ̀ yín

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní éékà kan lẹ fi ń gbin àgbàdo, ọdún karùn-ún rèé. Ẹ máa ń dáná sun pòròpórò kí òjò tó dé, ẹ sì fọ́n àpò méjì NPK 15-15-15, ajílẹ̀ tó ní oúnjẹ irúgbìn mẹ́ta (nítirójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtásíọ̀mù), sí i lọ́dún yìí. Síbẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹnìkan sì ní kí ẹ fi àpò méjì kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná owó yẹn.

Ẹ wo ewé náà dáadáa. Bó bá jẹ́ pé láti ṣóńṣó ewé ìsàlẹ̀ ló ti ń pọ́n, tó ń tọ ọ̀pá àárín ewé wọlé bíi lẹ́tà V, nítirójìn ni kò tó. Bó bá jẹ́ etí ewé ló ń gbẹ tí àárín ṣì tutù, pọtásíọ̀mù ni. Èyí tẹ́ ẹ ṣàlàyé jọ ti àkọ́kọ́. Kò sì yani lẹ́nu: kìlò 7.5 nítirójìn péré ló wà nínú àpò NPK 15-15-15 oníkìlò 50. Àpò méjì jẹ́ kìlò 15 fún odidi éékà, òjò sì ti gbé lára rẹ̀ lọ kí gbòǹgbò tó dé ibẹ̀.

Ìdí tí òjò fi ń gbé e lọ ló yẹ ká wá. Amọ̀ inú ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti Ìbàdàn títí dé ìhà Ọ̀yọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ di oúnjẹ mú. Ilẹ̀dú òkè ló ń bá wa dì í mú, ibẹ̀ náà sì ni ekòló, ikán àtàwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú ò rí ń gbé. Ewé àti pòròpórò tó ń jẹrà ni oúnjẹ wọn. Bẹ́ ẹ bá dáná sun ún, nítirójìn inú rẹ̀ bá èéfín lọ, eérú nìkan ló kù. Eérú yìí ló máa ń tan èèyàn jẹ. Pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, nítorí náà àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ á dúdú minimini, a ó sì rò pé iná dára. Tó bá di ọdún kẹta, ìkẹrin, ilẹ̀ á ti ṣá. Bí koríko èkan bá ti ń gba oko lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ ibi tọ́ràn dé.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ẹ mú ògúlùtu ilẹ̀ gbígbẹ kan láti oko, kó tó hóró ẹ̀pà méjì. Ẹ mú irú rẹ̀ kan lábẹ́ igi tí ọkọ́ ò tíì kàn. Ẹ rọra gbé wọn sínú ife díńgí méjì tó ní omi, ẹ má rò wọ́n. Ti abẹ́ igi á máa tú ìfóófòó díẹ̀díẹ̀, á sì wà pọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti oko yín á fọ́ yángá, á di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ ife. Bó ṣe ń ṣe nínú ife ló ń ṣe lójú òjò: ẹrẹ̀ yẹn á dí ojú ilẹ̀, á gbẹ, á le bí ilẹ̀ tí wọ́n rẹ́. Omi á ṣàn gba orí rẹ̀ kọjá, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́ mí.

Fún ti ọdún yìí, ẹ lo àpò kan oníkìlò 50 yúríà, ajílẹ̀ tó jẹ́ nítirójìn nìkan ló ń fún irúgbìn, nígbà tí àgbàdo bá dé orúnkún. Kìlò 23 nítirójìn ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà sí ìlà, 25 láàárín igi sí igi, igi bíi 21,600 ló wà lórí éékà, gíráàmù 2 lé díẹ̀ ló sì kan igi kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn ideri ìgò kan kẹ́ ẹ mọ iye tó ń gbà. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ẹ dà á sí i, ẹ fi ilẹ̀ bò ó. Èyí tẹ́ ẹ bá fọ́n sórí ilẹ̀ lásán, atẹ́gùn ló máa jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ gan-an ló kàn. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ gé pòròpórò lulẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín poro. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn: àwọn ohun tó ń jẹ ẹ́ á kó nítirójìn inú ilẹ̀ jẹ mọ́ ọn, àgbàdo á tún pọ́n. Ìyẹ̀fun pákó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá ìgbẹ́ adìẹ tọ́ọ̀nù 2 fún éékà náà, ìyẹn àpò 40 oníkìlò 50. Tútù rẹ̀ máa ń jó irúgbìn. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i títí á fi tutù bíi kànrìnkàn tí wọ́n fún, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀: bí irin bá ṣì gbóná lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, tí òórùn rẹ̀ ṣì ń ta imú, kò tíì jinná. Ẹ má da eérú mọ́ ọn o, eérú máa ń lé nítirójìn rẹ̀ jáde.

Bí èkan bá ti pọ̀, ẹ gbin wèrèpè oko, èyí tí èèpo rẹ̀ kì í yún ara. Àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Mono ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ń fi í ṣẹ́gun èkan láti ìparí àwọn ọdún 1980. Hóró méjì sí ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 80 sí 40, nígbà tí àgbàdo bá pé bí ọjọ́ 45. Bó bá ṣáájú ìgbà yẹn, á gùn àgbàdo pa. Ẹ má jẹ hóró rẹ̀ bí ẹ̀wà, oògùn líle wà nínú rẹ̀.

Tó bá di oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ààlà oko yíká ní mítà 3, ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Iná aládùúgbò kan ṣoṣo lè jó gbogbo ohun tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sán kan.