Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: "Loose" Yìí Ti Sú Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé táwọn èèyàn ò lè kọ òyìnbó dáadáa mọ́? Ẹni tó jáde yunifásítì á kọ "I don't want to loose my job", òmíì á ní "I could of come", inú á kàn máa bí mi ni. Àbí èmi ni mo le jù?

ÌDÁHÙN: Ẹ ò le jù rárá, ó ń bí àwa náà nínú. Àmọ́ àṣìṣe ju àṣìṣe lọ o. "Could of" yẹn, àwọn òyìnbó gan-an ń kọ ọ́, torí "could've" (ìyẹn "could have" tí wọ́n gé kúrú) ni wọ́n ń sọ, báyẹn ló sì ṣe ń dún létí wọn. Ti "loose" ẹ̀wẹ̀, Yorùbá ò ní z, torí náà òun àti "lose" dún bákan náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ẹ tún wá wo "choose" tó ní o méjì, ta ni ò ní ṣì í kọ! Èyí tó ń dùn mí wọra ni "equipments" àti "informations", ọ̀rọ̀ tí kì í gba s lẹ́yìn, tí mò ń rí nínú lẹ́tà ọ́fíìsì, lẹ́tà tí ọ̀gá ti sáìn tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ etí, àìbìkítà ni. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló kọ tiẹ̀ sórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kó lọ. Tó bá jẹ́ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni, ẹ yáa pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un kó tó fi ránṣẹ́.